Kí ọmọdé tó gbé ìbọn: lẹ́tà sí àwọn Olúọdẹ ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ẹ̀yin bàbá wa, Olúọdẹ Ṣágámù, Olúọdẹ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀yin Olúọdẹ Ìpẹru, Ìṣarà, Òde Rẹ́mọ, Ìlíṣàn àti gbogbo ìlú Rẹ́mọ tó kù,

Ọmọ ọdẹ ni mí ní Ṣágámù. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìbọn bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, mo sì ṣì máa ń wọ oko obì lóru bí òṣùpá bá ti wọ̀, bóyá n ó rí ọ̀yà kan. Ọmọ ilé ni mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ bá mi wí bí ẹ ṣe ń bá ọmọ yín wí.

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa wá yá fìtílà orí lọ́wọ́ mi. Ọ̀kadà ló ń gùn lójú ọ̀sán. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun méjì fẹ́ gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ sí igbó Omo, àwọn á sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, torí pé Rẹ́mọ ò lẹ́ran mọ́ àfi ọ̀yà àti ọ̀kẹ́rẹ́. Mo bi í pé, "Bí erin bá dá ọ lọ́nà ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ mi." Mo bi í pé irú ìbọn wo. Ṣakabùlà ni.

N kò yá a ní fìtílà. Ó rí ẹlòmíràn yá a, wọ́n lọ, wọ́n sì bọ̀ pẹ̀lú ẹtu méjì. Orí ló kó wọn yọ. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé ọmọ náà kì í ṣe òpònú. Ó mọ̀wé, ó lè tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kó sì tò ó padà. Kò kàn sí ẹni tó kọ́ ọ ni. Ó ra ìbọn, ó ra ẹ̀tù, ó di ọdẹ.

Èmi náà ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ rí, ní ọ́fíìsì kan tí n ò ní dárúkọ. Mo sanwó, wọ́n kọ orúkọ mi, wọ́n lẹ fọ́tò mọ́ ọn, wọ́n ní kí n máa lọ. Akọ̀wé tó kọ ọ́ ò bi mí bóyá mo mọ ojú ẹtu yàtọ̀ sí ojú ọmọ ènìyàn lóru. N ò bínú sí i. Akọ̀wé ò lè kọ́ni lọ́dẹ. Ẹ̀yin lẹ lè kọ́ni, ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín, tí n ò kọ ọ́ sí ìjọba.

Nígbà tí bàbá mi ń kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́ta ló fi gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ìbọn àfi tó bá fẹ́ nù ún. Ó ń wo ipasẹ̀, ó ń gbọ́ ìjálá. Ẹ̀yin mọ ohun tí ìjálá jẹ́ jù mí lọ. Ní 1966 ni Adéboyè Babalọlá tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjálá jáde, láti ìgbà náà sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kà á gẹ́gẹ́ bí ewì. Ewì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbọ́ oríkì ẹfọ̀n dáadáa ti mọ̀ pé ẹfọ̀n tí a ṣá lọ́gbẹ́ kì í sá lọ tán; á yí po, á wá lúgọ de ọdẹ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ti erin ti mọ ibi tó ń gbà àti ohun tó ń jẹ. Kíláàsì ni ìjálá, orin la fi ń kọ́ ọ kó má baà gbàgbé. Lónìí, àwọn òṣèré là ń pè wá sun ún níbi ìgbéyàwó.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, ẹ má bínú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ dọdẹ àgbọ̀nrín ńlá kan tí wọ́n ń pè ní elk. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1985 kò lè gba ìwé àṣẹ ọdẹ àfi tó bá kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ, tó sì yege. Ọmọ tó ti gboyè ní yunifásítì tún lọ jókòó bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ jù, ó ní, ọ̀rọ̀ béárì ni.

Béárì ò sí nínú igbó kankan nílẹ̀ Áfíríkà lónìí. Inú Bíbélì la ti mọ̀ ọ́n: èyí tí Dáfídì sọ fún Sọ́ọ̀lù pé òun pa pẹ̀lú kìnnìún, àti abo méjì tó jáde láti inú igbó tó fa àwọn ọmọ méjìlélógójì ya nígbà tí wọ́n fi Èlíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Montana, kì í ṣe ìtàn. Ẹ̀yà méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní grizzly ni wọ́n ń bẹ̀rù jù, pàápàá ìyá tó ní ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n kọ́ ọmọ wa pé kó má sáré, torí ẹsẹ̀ ènìyàn ò lè bá a dù ú. Pé bí grizzly tí àyà rẹ̀ fò bá já a lulẹ̀, kó dojú bolẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn, kó má sì bọ́ àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹranko náà lè gbà pé òun ti borí. Bí ó bá ṣe béárì dúdú ló kọlù ú, kó má sùn, kó jà. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì lè ṣe ohun tó dára fún ẹranko tí kò tọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tó sọ fún mi lórí fóònù ló jẹ́ kí n dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró. Ó ní gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún arìnrìn-àjò inú igbó ni ọdẹ ń rú. Wọ́n á ní kí arìnrìn-àjò máa pariwo kí béárì lè gbọ́ ọ kó yà. Ọdẹ ń yọ́ rìn. Wọ́n á ní kó má jáde ní àfẹ̀mọ́jú àti ìrọ̀lẹ́. Àsìkò náà ni ọdẹ ń jáde. Ọdẹ ń sá fún afẹ́fẹ́ kí òórùn rẹ̀ má baà ta ẹran lólobó. Bó bá wá pa ẹran tán, òun àti òkìtì ẹran tútù yóò jọ wà níbẹ̀, béárì á sì gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn kí wọ́n yára gé ẹran, kí wọ́n gbé e jìnnà sí ìfun, kí ẹnì kan máa ṣọ́nà bí ẹnì kejì ti ń gé e.

Ẹ̀yin bàbá mi, ṣé kì í ṣe àwa náà nìyẹn? Ìdákẹ́rọ́rọ́ tó sọ wá di ọdẹ, òun náà ló ń gbé wa dé abẹ́ àyà ẹranko kó tó mọ̀ pé a dé. Àgbẹ̀ tó ń kọrin bọ̀ lóko, erin ti yà fún un kó tó dé. Ọdẹ tó dákẹ́ ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbá a.

Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ní kí ọmọ wa so mọ́ bẹ́líìtì ju ìbọn lọ? Ata. Agolo ata ni, tí wọ́n ń fọ́n sí béárì lójú nígbà tó bá ti sún mọ́ tó bíi mítà 9. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tó sọ ọ́, mo ní ṣé ó fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan, Tom Smith àti Stephen Herrero pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn, kó ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Alaska fún nǹkan bí ogún ọdún jọ. Nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n fọ́n ata sí béárì aláwọ̀ ilẹ̀ (ìran kan náà ni grizzly), ó ṣiṣẹ́ ní ìdá 92 nínú 100. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ọ̀rọ̀ ìbọn wò ní 2012, wọ́n rí i pé ẹni tó yìnbọn fún béárì àti ẹni tó gbé ìbọn dání tí kò yìn ín, ìpalára tó bá àwọn méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ní ìbọn tó dára jù lágbàáyé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́kadà wa ń fi ṣakabùlà yangàn.

Mo padà sí igbó Omo. Láti 1925 ni ìjọba ti fi òfin yà á sọ́tọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ ju 1,300 kìlómítà níbùú-lóòró lọ, apá kan nínú rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ UNESCO láti 1977. Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ló wà, kì í ṣe Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ iye ọmọ wa tó ń bọ́ sílẹ̀ ní J4 nínú igbó náà pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Erin ṣì wà níbẹ̀, erin igbó, èyí tó kéré sí ti pápá, tí eyín rẹ̀ sì tọ́ gbọọrọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni ẹgbẹ́ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹranko tó kù díẹ̀ kó parẹ́ láyé. Àwọn olóko kòkó ti wọ igbó náà láìgbàṣẹ, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, erin ò sì mọ ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí mọ́. Ó ń jáde sí oko. Àwọn ará Ìmọ̀bí ní agbègbè náà ti ké gbàjarè títí ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ há.

Inú irú igbó yìí ni ọmọ tí kò gbọ́ oríkì erin rí ń lọ.

Kí ni bàbá mi ìbá ti sọ fún un? Òun kì í ṣe ọdẹ aperin, ṣùgbọ́n ó bá wọn rìn. Yóò sọ fún un pé ojú erin ò fi bẹ́ẹ̀ ríran, imú ló fi ń ríran. Kí ọdẹ bu eérú díẹ̀ láti inú àpò, kó jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó wo ibi tí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Bí ó bá gbé e lọ sọ́dọ̀ erin, kó yí padà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ fún un pé erin tó na etí gbalaja, tó ń fọn fèrè, tó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ó ń dẹ́rù bà ọ́ ni. Dúró, má yí ẹ̀yìn sí i, máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí igi ńlá yóò fi wà láàárín yín. Èyí tó pa etí mọ́ ọrùn, tó ká ọwọ́jà rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n, tó dákẹ́, òun ló ń bọ̀ lóòótọ́. Ju àpò sílẹ̀ fún un, ju fìlà, kó ní ohun tí yóò kọ́kọ́ bá jà, kí o wá igi tó ju ara erin lọ sá sí ẹ̀yìn. Má sáré ní ojú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, torí ọ̀nà tirẹ̀ ni. Bí o bá rí ọmọ rẹ̀ tí o kò rí ìyá, ìwọ ló wà láàárín wọn.

Yóò wá sọ ọ̀rọ̀ ìbọn. Ọta wẹ́wẹ́ inú ṣakabùlà kì í pa erin. Ó ń wọ awọ, ó ń kẹ̀, ó ń mú un bínú. Ẹni tó yìn ín á sá, bóyá á bọ́. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá kan tó ń ṣa kòkó yóò bá erin tí inú ń bí náà pàdé, kò sì ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù. Òfin àpapọ̀ ti ní ká má fọwọ́ kan erin, ìyẹn náà wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ẹni tó fi ṣakabùlà yin erin, ìyá oníkòkó ló yìn.

Ọ̀rọ̀ ata ò tíì tán. Ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, àwọn àgbẹ̀ ń fi ata lé erin. Wọ́n á po ata gbígbẹ mọ́ ọ̀rá, wọ́n á fi kun okùn yí oko ká. Àwọn mìíràn á pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á sun ún lálẹ́ kí èéfín rẹ̀ gba ojú oko. Imú erin ò gbà á. Ní Kẹ́ńyà, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lucy King ti fi hàn pé erin ń sá fún oyin: wọ́n ń so ilé oyin kọ́ sára wáyà yí oko ká, bí erin bá ti fara kan wáyà, ilé oyin á mì, oyin á jáde. Àgbẹ̀ wá ń rí oyin tà. Nílẹ̀ tó ń jẹ ata bíi tiwa, mo rò pé ó yẹ kí àwọn ọdẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbé ọgbọ́n yìí lọ fún àwọn ará Ìmọ̀bí. Àwọn ọdẹ àtijọ́ kan ti di ẹ̀ṣọ́ igbó ní Omo. Àwọn àti ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation jọ ń ṣọ́ erin tí wọn ìbá ti pa lánàá. Ẹ lè pe ọ̀kan nínú wọn wá sí ìpàdé. N kò rò pé ìtìjú wà níbẹ̀.

Ẹnì kan yóò sọ pé erin jìnnà sí Rẹ́mọ. Ó dáa. Túùkú ò jìnnà. Ó ń hú ẹ̀gẹ́ ní oko wa, alẹ́ ló ń rìn, ọ̀wọ́ ló sì ń rìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fi ẹsẹ̀ tiro títí ó fi kú nítorí túùkú kan tó yìn, tó ṣubú, tó sì sáré bá kó lè fi àdá parí rẹ̀. Ẹran náà dìde ó fi eyín la itan rẹ̀. Bí bàbá mi bá ń sọ ọ́, ohun kan náà ló máa ń fi parí rẹ̀: ẹran tó ṣubú, jókòó tì í láti òkèèrè, fa tábà rẹ tán, kí o tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá wọ igbó pẹ̀lú ọgbẹ́, má tọ̀ ọ́ lóru. Ajá tó o fẹ́ràn, má rán an ṣíwájú sínú igbó ṣíṣú.

Ti ejò, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Paramọ́lẹ̀ ń sùn sábẹ́ ewé obì gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ àti ti ewé ò yàtọ̀, àwọn ọmọ wa sì ń wọ sílípáàsì dọdẹ. Ẹni tí ejò bù, kí wọ́n má gbẹ́ ojú ẹ̀, kí wọ́n má fi ẹnu fà á, kí wọ́n má fi okùn di ẹsẹ̀ náà títí tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní kọjá. Kí wọ́n fi igi gbè é bí ẹsẹ̀ tó dá, kí wọ́n gbé e, kó má rìn, kó di ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan ní oògùn. Ẹ fún un ní oògùn nínú mọ́tò.

Èyí tó wá burú jù kò ní ìrù. Láti ìgbà tí ajínigbé ti wọ igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n ti ń pe ọdẹ láti bá wọn wá inú igbó, ẹgbẹ́ yín sì ti gbé iṣẹ́ yẹn ru. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó: ọmọ tí kò mọ ojú ẹran yàtọ̀ sí ojú ènìyàn, tí ọkàn rẹ̀ sì ti gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá pàdé nínú igbó lóru, ajínigbé ni, kí ló máa yìn? Ìgbà mélòó la ti gbọ́ pé ọdẹ yìnbọn fún ọdẹ, pé ó rò pé ìgalà ni? A máa ń sọ pé àṣìta ni, a máa ń bẹ ẹbí, a sì máa ń gbàgbé. Ní Montana, wọ́n ń fi aṣọ pupa bí ọsàn bo ara wọn kí ẹlòmíràn lè rí wọn. Àwa ń fi aṣọ dúdú bora, a tún ń pa fìtílà bí a bá gbọ́ ìró. Láyé bàbá mi, ọdẹ á sọ oko tó ń wọ̀ lálẹ́ yẹn fún Olúọdẹ, Olúọdẹ á sì ní kí ẹlòmíràn gba apá ibòmíràn. Ohun kékeré ni. Kò gba kọ́bọ̀.

Mo rí yín níbi ọdún àti ìsìnkú, nínú aṣọ ẹgbẹ́ tuntun, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn. Ó wù mí. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan nínú Rẹ́mọ ní òun ò ní fún ọmọ kan ní káàdì títí yóò fi gbé àpò tẹ̀lé àgbà ọdẹ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. N kò bèèrè ọdún mẹ́ta. Kó gbé àpò fún ẹ̀ẹ̀rùn kan láìfọwọ́ kan ìbọn. Kí àgbà mú un lọ wo ipasẹ̀, kó kọ́ ọ ní afẹ́fẹ́, kó sun ìjálá ẹfọ̀n fún un kó sì túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àgbà mẹ́ta jókòó, kí ẹ bi í ní ìbéèrè ní ojúde Olúọdẹ: bí erin bá pa etí mọ́ ọrùn, kí lo máa ṣe? Bí o bá rí iná kan lókè odò, kí lo máa ṣe? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó padà lọ gbé àpò. Tí ẹ bá ṣe èyí, tí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó yege sílẹ̀, ó dá mi lójú pé ìjọba ní Abẹ́òkúta yóò wá kọ́ ọ lọ́wọ́ yín, torí kò sí ẹni tó máa ń kọ ohun tí kò ní ná an lówó.

Ọmọ ọlọ́kadà yẹn tún ti wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn tún ń padà lọ sí Omo, àwọn á tiẹ̀ ju mẹ́ta lọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kó wá bá mi lọ sí oko obì lálẹ́ Jímọ̀, kó fi ìbọn sílé, kó wá gbé àpò mi. Ó ní òun á rò ó. Títí di alẹ́ tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, kò tíì dá mi lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọmọ ọdẹ kan ní Ṣágámù